Eyín Kan Ṣoṣo Ló Wálé

Láyé àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá bá kú sójú ogun, tàbí sí ìrìn-àjò òwò tó jìn débi pé òkú rẹ̀ kò ní í lè délé, irun orí rẹ̀ àti èékánná ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn tó bá a rìn máa ń gé. Wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ẹrù wọn, wọ́n á rù ú délé. Ohun bíńtín yẹn ni àwọn ẹbí yóò gbẹ́ ilẹ̀ fún. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á kì í, wọ́n á sunkún lé e lórí bí ẹni pé odindi ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ló gé irun náà. Ìfẹ́ ló gé èékánná náà.

Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2022, ní Brussels, àwọn aláṣẹ Bẹ́ljíọ̀mù gbé àpótí kékeré kan lé àwọn ọmọ Patrice Lumumba lọ́wọ́. Eyín kan tí wọ́n fi wúrà bò ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kọ́ ló yọ eyín yìí. Gerard Soete, ọlọ́pàá ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n rán pé kó pa òkú Lumumba rẹ́ kúrò lórí ilẹ̀, òun ló hú u jáde, tó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì títí ó fi yọ́. Ó wá mú eyín sápò, bí ọdẹ ṣe ń mú ìwo ẹran tó pa. Ó gbé e lọ sí Yúróòpù, ó fi í pamọ́ sílé, ó sì di arúgbó kó tó la ẹnu sọ ohun tó ṣe. Ọdún 2016 ni àwọn aláṣẹ tó gba eyín náà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù lára Olóòtú Ìjọba àkọ́kọ́ ilẹ̀ Kóńgò nìyẹn. Ẹni ọdún 35 ni nígbà tí wọ́n pa á. Ó lo ọdún 61 láìní ibojì.

Wọ́n gbé eyín náà sínú pósí tó gba odindi àgbàlagbà, wọ́n fi àsíá orílẹ̀-èdè bo pósí náà. Wọ́n gbé e lọ sí Onalua, abúlé tí wọ́n ti bí i ní 1925. Wọ́n gbé e lọ sí Kisangani, ìlú tó ti ṣe akọ̀wé ilé-ìfìwéránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Stanleyville. Wọ́n gbé e lọ sí Katanga níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Kinshasa, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí òmìnira Kóńgò pé ọdún 62. Mo wo pósí gígùn yẹn nínú àwòrán, mo ro bí eyín kan ṣoṣo ṣe máa dá wà nínú gbogbo àyè yẹn, omi sì dà lójú mi.

Lumumba ni mo ń sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn lóru ọjọ́ ikú rẹ̀, òun náà ni mo ń sunkún. Ìgbàgbọ́ kan ni. Ìgbàgbọ́ pé bí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú bá ké gbàmí sí àgbáyé, àgbáyé yóò dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn. Ìgbàgbọ́ yẹn kò ní eyín kankan tí wọ́n lè kó sínú àpótí fún wa.

Ẹsẹ̀ Lumumba tẹ ilẹ̀ wa rí. Ní oṣù kẹta ọdún 1959, ó wá sí Ìbàdàn, sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, fún àpérò kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Áfíríkà pé sí. Ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa òmìnira àti ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ó jẹ oúnjẹ wa, ó sùn sábẹ́ òrùlé wa. Ẹni tó bá ti ṣe àlejò rẹ rí, tó wá kú ikú oró sí ọ̀nà jíjìn, o kò lè gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kí o máa bá oúnjẹ rẹ lọ. Ìdí tí mo fi rò pé àwa náà ní ẹ̀tọ́ láti kárí sọ nìyí.

Ká tó dé orí ikú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú ilé tí wọ́n ní kó wá ṣe olórí rẹ̀. Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù ló kọ́kọ́ gba Kóńgò, láti 1885 títí di 1908, ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí oko ara rẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n ń wá. Abúlé tí kò bá kó iye rọ́bà tí wọ́n bù lé e lórí jọ, wọ́n á rán ṣọ́jà sí i. Àwọn ṣọ́jà yóò gé ọwọ́ ènìyàn, wọ́n á kó o jọ sínú apẹ̀rẹ̀ lọ bá ọ̀gá wọn, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé wọn kò fi ọta ìbọn ṣòfò. Àwòrán àwọn ọmọdé aláìlọ́wọ́ yẹn ṣì wà títí dòní. Nígbà tí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọba, gígé ọwọ́ dópin. Wọ́n kọ́ ilé-ìwòsàn, wọ́n la ojú irin, wọ́n wa kùsà. Ẹ̀kọ́ ìwé ni wọ́n wá gé kúrú. Ọjọ́ tí Kóńgò gbòmìnira, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti gboyè yunifásítì kò tó 30, ní ilẹ̀ tó fẹ̀ bí ìlọ́po méjì Nàìjíríà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí 1,000 ọ̀gá ológun ló wà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù ni gbogbo wọn pátá. Wọ́n fún ẹni tí wọn kò jẹ́ kó kọ́ bí a ṣe ń tukọ̀ ní àjẹ̀ láàárín agbami, wọ́n ní kó máa tù ú lọ.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960, Ọba Baudouin ti Bẹ́ljíọ̀mù dìde nílé ìgbìmọ̀ ní Léopoldville, ìlú tí a ń pè ní Kinshasa lónìí, ó yin Leopold Kejì, ó ní iṣẹ́ ńlá ni ọba náà ṣe fún Kóńgò. Lumumba kò sí nínú ètò àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dìde. Ó sọ fún ọba níṣojú gbogbo ayé ohun tí ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ti rí: iṣẹ́ àṣekúdórógbó, owó tí kò tó jẹun, èébú, nínà, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀wọ̀n àti ìbọn. Àwọn ọmọ Kóńgò pàtẹ́wọ́, ojú ọba sì korò. Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló pa á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ Katanga ló pa á.

Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn òmìnira ni àwọn ṣọ́jà Kóńgò ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn ọ̀gá wọn, nítorí pé Ọ̀gágun Janssens, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó jẹ́ olórí wọn, kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn pé kò sí ohun tí òmìnira yóò yí padà nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn òyìnbó ń sá lọ. Ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù kó ọmọ ogun wọlé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje, Moïse Tshombe, olórí ìjọba Katanga, kéde pé Katanga ti ya kúrò lára Kóńgò. Katanga ni bàbà wà, ibẹ̀ ni kóbáàtì wà, ibẹ̀ ni Shinkolobwe wà, kùsà tí wọ́n ti wa èyí tó pọ̀ jù nínú yùréníọ̀mù tí Amẹ́ríkà fi ṣe bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 1945. Ilé-iṣẹ́ Union Minière ló ń wa gbogbo rẹ̀, owó orí tó yẹ kó san fún ìjọba Léopoldville ni wọ́n yí sí àpò Tshombe. Àwọn ọ̀gá ológun Bẹ́ljíọ̀mù ló ń tọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ́nà. Orílẹ̀-èdè kan kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì láyé, wọ́n ti yọ ọkàn rẹ̀.

Kí ni Lumumba ṣe? Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa pé ká ṣe. Kò gbé idà, ó lọ fẹjọ́ sun àgbà. Lọ́jọ́ 12 oṣù keje, òun àti Ààrẹ Joseph Kasa-Vubu fi wáyà ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York pé àwọn ọmọ ogun àjèjì ti wọ ilẹ̀ wọn, kí wọ́n gba àwọn. Ní ọjọ́ méjì, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti fẹnu kò. Àwọn ọmọ ogun láti Tùnísíà, Ghana, Mòrókò àti Etiópíà ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Léopoldville kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n dé fìlà aláwọ̀ sánmà. Ẹ ro bí inú ènìyàn yóò ṣe dùn tó nígbà náà! Ọdún 1960 yẹn ni ilẹ̀ Áfíríkà 16 wọ inú Àjọ náà. Tiwa di ọmọ ẹgbẹ́ 99 lọ́jọ́ 7 oṣù kẹwàá. Ó dà bíi pé ilé ayé ti di agboolé kan, tí kálukú ní yàrá tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè ti ẹnikẹ́ni síta mọ́.

Àwọn onífìlà aláwọ̀ sánmà dé Kóńgò, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan Katanga bí Lumumba ṣe fẹ́. Akọ̀wé Àgbà Dag Hammarskjöld sọ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ìyapa náà, Àjọ kò lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Lumumba bínú. Ó yíjú sí Sófíẹ́tì, wọ́n fún un ní bàálù àti ọkọ̀ akẹ́rù. Láti ọjọ́ náà ni Washington ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ pẹ́ láyé. Ìwádìí tí ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣe ní 1975 fi hàn pé CIA gbé májèlé lọ sí Léopoldville láti fi pa á. Wọn kò rí àyè lo májèlé náà. Àwọn mìíràn ló ṣe iṣẹ́ náà fún wọn.

Ibi tí mo dé yìí ni ó yẹ kí n ti sọ ohun kan, nítorí arò tó bá parọ́ fún òkú, èébú ló jẹ́ fún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, àwọn ọmọ ogun tí Lumumba rán lọ sí Gúúsù Kasai láti pa ìyapa Albert Kalonji run, wọ́n pa àwọn Baluba nípakúpa ní Bakwanga, àgbà àti ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ń ké. Bákan náà ni àwọn ọmọ Kóńgò wà láàárín àwọn tó dá ọ̀rọ̀ ikú Lumumba; àwọn òyìnbó kò dá nìkan ṣe é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń sunkún rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, Kasa-Vubu lé Lumumba kúrò nípò. Lumumba náà ní òun ti lé Kasa-Vubu. Àwọn aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá ti pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ rédíò Léopoldville. Wọ́n ní kí ìjà má bàa gbóná ni. Ṣùgbọ́n Kasa-Vubu ní ọ̀rẹ́ ní Brazzaville lódìkejì odò, ó ń ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lumumba, ẹni tí agbára rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ni ìlẹ̀kùn tì mọ́. Lọ́jọ́ 14, Joseph Mobutu, ọ̀gá ológun tí Lumumba fúnra rẹ̀ gbé dé ipò, kéde pé òun ti dá àwọn méjèèjì dúró.

Nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ ni Lumumba fi wà nílé ìjọba ní Léopoldville, tí ṣọ́jà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yí i ká kí wọ́n má bàa pa á, tí ṣọ́jà Mobutu sì yí ṣọ́jà Àjọ náà ká kó má bàa jáde. Ní New York, wọ́n dìbò pé aṣojú Kasa-Vubu ni kó jókòó sórí ìjókòó Kóńgò. Ó yọ́ jáde lóru ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, ó forí lé Stanleyville. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń dá a dúró ní abúlé dé abúlé, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, títí àwọn tó ń lépa rẹ̀ fi bá a. Àwọn ọmọ ogun onífìlà aláwọ̀ sánmà wà nítòsí ibi tí wọ́n mú un sí. Àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni pé kí wọ́n má dá sí i.

Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Thysville. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1960, nígbà tí orílẹ̀-èdè 89 dìbò ní New York pé ìjọba amúnisìn gbọ́dọ̀ dópin kíákíá níbi gbogbo, tí ẹnì kankan kò sì dìbò takò ó. Mo ti ka ìwé ìpinnu yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. N kò lè kà á mọ́ láìrántí ẹni tó wà nínú àhámọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1961, wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Elisabethville, olú-ìlú Katanga, pẹ̀lú Maurice Mpolo, tó ti jẹ́ mínísítà rẹ̀, àti Joseph Okito, igbákejì olórí ilé aṣòfin àgbà. Wọ́n ń lù wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà dé òpin. Àwọn ṣọ́jà Sweden tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sí pápákọ̀ náà rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí wọn, ọkọ̀ gbé wọn lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú igbó, wọ́n to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi igi kan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Àwọn mínísítà Katanga wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù wà níbẹ̀. Jaja Wachuku, ọmọ Nàìjíríà, ni alága ìgbìmọ̀ onílàjà tí Àjọ náà rán sí Kóńgò. Inú oṣù kan náà yẹn ni ìgbìmọ̀ náà dé.

Ọmọ Onalua, ọ̀dọ̀ ta lo tún lè sá lọ? O fẹjọ́ sun àgbà ayé, àgbà ayé wá, ó dúró, ó ń wòran. Onífìlà aláwọ̀ sánmà tí o fi wáyà pè ló yí ilé rẹ ká, òun náà ló rí ọ ní pápákọ̀. Wọn kò jẹ́ kí Pauline aya rẹ rí òkú rẹ fọwọ́ kàn. Wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ bu erùpẹ̀ sí ọ lára. Nílẹ̀ wa, à bá ti wẹ̀ ọ́, à bá ti fi aṣọ dáradára wé ọ, àwọn obìnrin ilé ì bá ti rán ọ níṣẹ́ sí àwọn tó ti lọ ṣáájú. Ásíìdì ni wọ́n fi wẹ̀ ọ́.

Ó di ọjọ́ 13 oṣù kejì kí wọ́n tó kéde ikú rẹ̀, irọ́ ni wọ́n sì fi kéde rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará abúlé ló pa á nígbà tó ń sá lọ. Láti ọjọ́ kejì ìyẹn ni àwọn ènìyàn ti ń kún ojú pópó láti Cairo dé Belgrade. Ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, Maya Angelou àti Abbey Lincoln wà lára wọn, dìde láàárín ìjókòó Ìgbìmọ̀ Ààbò ní New York, wọ́n figbe ta títí ìpàdé fi dàrú. Ìgbà yẹn ni Ìgbìmọ̀ Ààbò wá fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láṣẹ, lọ́jọ́ 21 oṣù kejì, láti lo agbára kí ogun abẹ́lé má bàa bẹ́. Àṣẹ yẹn ni Lumumba ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti oṣù keje. Ó ti di eérú kó tó dé.

Hammarskjöld náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lóru mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, bàálù tó ń gbé e lọ bá Tshombe fún àdéhùn ìdáwọ́ogundúró já lulẹ̀ nítòsí Ndola, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sáḿbíà lónìí. Àwọn 16 tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n bá ìjàǹbá náà lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣì ń wádìí ohun tó já bàálù náà ní ọ̀rúndún yìí, àwọn ìjọba ńlá kan kò sì tíì kó gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Mo ti sọ àṣìṣe rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó gbà pé àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ló ni Àjọ náà ju àwọn ńlá lọ ni, ó sì kú lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Arò tirẹ̀ náà wà nínú èyí.

Àwọn tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Kóńgò parí sí Kóńgò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ohun tó ṣe sí ilé ayé. Khrushchev, olórí Sófíẹ́tì, ní kí wọ́n mú ipò Akọ̀wé Àgbà kúrò, kí ènìyàn mẹ́ta máa jókòó síbẹ̀ pọ̀. Sófíẹ́tì kọ̀ láti san owó iṣẹ́ Kóńgò, Faransé náà kọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ní 1962, ilé-ẹjọ́ ní owó Àjọ ni, ó yẹ kí wọ́n san án. Wọn kò san án. Gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú Àjọ ká. Nígbà tí Àpéjọ Gbogbogbòò pé ní 1964, wọn kò lè dìbò bí ìṣe wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá dìbò, wọ́n á ní láti gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè. Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá pín sí méjì lórí Kóńgò, àwọn kan pé ní Casablanca, àwọn mìíràn, Nàìjíríà láàárín wọn, pé ní Monrovia. Nígbà tí wọ́n fi parapọ̀ dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní 1963, ìbẹ̀rù ìyapa ti wọ̀ wọ́n lára débi pé, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ní Cairo, wọ́n fọwọ́ sí ààlà tí àwọn amúnisìn fà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ní ìwé ìpinnu kankan. Nígbà tí ọmọ ogun Àjọ náà kúrò ní Kóńgò lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1964, wọ́n lọ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Títí di 1989, wọn kò tún rán irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ sí gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà mọ́. Láàárín ọdún 25 yẹn ni ogun tiwa jà, láti 1967 sí 1970, tí àwọn ọmọdé kú fún ebi ní Biafra. Kò sí onífìlà aláwọ̀ sánmà kan. Nígbà tí wọ́n sì padà dé Áfíríkà, wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ Elisabethville dáadáa. Nígbà ìpakúpa Rùwáńdà ní 1994, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n rí i.

Àwọn ọmọ wa lọ sí Kóńgò. Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún ìwà akin tó hù níbẹ̀. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lọ, Chukwuma Nzeogwu lọ. Johnson Aguiyi-Ironsi ni olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ náà ní ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ wọn ní 1964. Wọ́n rí i ní Kóńgò bí ọ̀gá ṣọ́jà kan ṣe lè lé Ààrẹ àti Olóòtú Ìjọba, kí àgbáyé sì máa bá a ṣòwò lọ láìmira. N kò ní sọ pé Kóńgò ló bí ìbọn tó ró ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 1966. Mo kàn mọ̀ pé kò tó ọdún méjì tí Ironsi darí dé tí ìbọn náà fi ró. Lọ́jọ́ 29 oṣù keje ọdún yẹn, Fájuyì ń gba Ironsi lálejò ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn ṣọ́jà dé. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sínú igbó, wọ́n pa wọ́n. Àwọn méjì tó ti lọ pẹ̀tù sí ìjà ilé onílé ló kú bí Lumumba ṣe kú, nítòsí ìlú tí Lumumba ti sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ní ọdún méje ṣáájú.

Mobutu fìdí jókòó ní 1965. Ọdún 32 ló fi jẹ ilẹ̀ náà, tí Washington, Brussels àti Paris ń fọwọ́ rọ́ ọ lórí. Ó yí orúkọ ilẹ̀ padà sí Zaire, ó kọ́ ààfin sínú igbó ní Gbadolite, ó la pápákọ̀ tó gba bàálù Concorde síbẹ̀. Nígbà tó sá lọ ní 1997, ogun ló fi sílẹ̀, ogun náà sì fa ọmọ ogun orílẹ̀-èdè bíi mẹ́jọ wọlé. Àwọn onífìlà aláwọ̀ sánmà padà dé ní 1999. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ M23, tí àwọn amòye Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ pé Rùwáńdà ń tì lẹ́yìn, gba Goma ní oṣù kìíní ọdún 2025. Kóbáàtì tó wà nínú bátìrì fóònù tí a fi ń ka ìròyìn Goma, ilẹ̀ Kóńgò ni èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ láyé ti ń wá.

Ní 2001, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Bẹ́ljíọ̀mù jẹ́wọ́ pé orílẹ̀-èdè wọn ní ẹ̀bi nínú ikú náà. Ní 2002, mínísítà wọn tọrọ àforíjì. Ní 2022, ọba wọn lọ sí Kinshasa, ó ní ohun tí wọ́n ṣe nígbà ìjọba amúnisìn dun òun. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí dára ju dídákẹ́ lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni mo ń wojú rẹ̀, nítorí òun ni Lumumba ké pè.

Ẹ̀yin tí ẹ óò bá dé Kinshasa, ibojì náà wà ní Limete, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gogoro ńlá tó wà níbẹ̀. Ẹ yà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti dárúkọ Lumumba tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ àwọn méjì tí wọ́n jọ wọ bàálù kan náà, tí wọ́n jọ kú síbi igi kan náà. Nínú ara Maurice Mpolo àti Joseph Okito, títí di òní, kò sí ohunkóhun tó tíì wálé.